Mọ́mì fẹ́ rí odò: ta ló mọ ọgbà Patapsco dáadáa?

Ọmọ_Iléṣà | Ọjọ́rú, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Láti oṣù kẹjọ ni mọ́mì mi ti wá bá mi wẹ ọmọ níbí ní Laurel. Ọmọ ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta, ara tèmi náà ti ń balẹ̀, ṣùgbọ́n ara mọ́mì ò gba ilé mọ́. Ibi tí mo ti gbé wọn dé kò ju ṣọ́ọ̀ṣì, ilé dókítà àti ìsọ̀ àwọn ará wa tí a ti ń ra èlùbọ́ lọ. Lọ́jọ́ Àìkú wọ́n jókòó ti fèrèsé, wọ́n ní, "Ṣé ilẹ̀ ò sí ní Amẹ́ríkà yìí ni? Ọ̀dà nìkan ni mò ń rí."

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wá sọ fún mi nípa Patapsco Valley State Park, pé odò wà níbẹ̀, igbó wà níbẹ̀, ewé sì ti ń pọ́n lásìkò yìí. Mo bá sọ fún mọ́mì pé mò ń gbé wọn lọ sí páàkì ní Sátidé. Wọ́n ní páàkì kẹ̀? Ṣé ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbéra láti Maryland ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mọ́mì ti pé ẹni ọdún 67, orúnkún òsì ń dùn wọ́n. Mo ní ọmọ ọdún 9, ọmọ ọdún 6, àti jòjòló. Ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ni màá wakọ̀. Ṣé irú wa lè rìn ibẹ̀? Ẹnu ọ̀nà wo la máa gbà?

Alágbàdo | Ọjọ́rú, 9:31 alẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ o. Ìbéèrè kan péré ni mo ní. Ṣé lóòótọ́ lẹ fẹ́ sanwó kí ẹ tó wọ igbó? Owó rẹpẹtẹ ni bàbá mi ná kí n lè JÁDE nínú igbó.

Akin_Ẹlẹ́sẹ̀yíyá | Ọjọ́rú, 10:02 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire, ẹ má dá Alágbàdo lóhùn. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń rìn nínú ọgbà yẹn. Gbogbo gbòǹgbò tó ti gbé mi ṣubú níbẹ̀ ni mo mọ̀ lójú.

Kókó ibẹ̀ nìyí: ẹ má kàn tẹ orúkọ ọgbà náà sínú fóònù kí ẹ máa wakọ̀ lọ. Kì í ṣe ojú kan. Ó bá odò Patapsco lọ fún máìlì 32, ilẹ̀ rẹ̀ lé ní éékà 16,000, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pọ̀, wọ́n sì jìnnà síra wọn. Ìyàwó mi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan, ó bá ara rẹ̀ ní McKeldin, àwa tó kù sì ń dúró dè é ní Avalon. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni kúlà ìrẹsì wà. Ẹ fojú inú wo bí ọjọ́ náà ṣe rí.

Avalon ni kí ẹ lọ. Ẹ bá Route 1 wá, kí ẹ yà sí South Street, ẹ ó rí àmì rẹ̀. Bí ẹ bá ti wọlé, ọ̀nà wà lápá méjèèjì odò. Èyí tó wà lápá Baltimore County ni wọ́n ń pè ní Grist Mill Trail. Wọ́n da ọ̀dà sí i, ó tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, kẹ̀kẹ́ ọmọ ń yí lórí rẹ̀ láìta gìrì. Odò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú irin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Láti ibi adágún kékeré tó wà ní Avalon títí dé afárá tó ń mì ní Orange Grove, kò tó máìlì méjì. Bí ẹsẹ̀ mọ́mì bá kọ̀ kí ẹ tó débẹ̀, ẹ ṣẹ́rí padà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè.

Bí ẹ bá sọdá afárá, ọ̀nà kan wà tó gòkè lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Cascade Falls, omi tó ń já bọ́ látorí àpáta. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń sáré lọ ya fọ́tò. Kò jìn, ṣùgbọ́n òkúta àti àtẹ̀gùn ni, ó sì máa ń yọ̀. Orúnkún tó ń dùn lè gòkè o, sísọ̀kalẹ̀ ló ń pọ́n ọn lójú.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí i, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ wọ́n á tì í. Ẹ tètè jáde nílé! Ní Sátidé tí ojú ọjọ́ bá dára lásìkò tí ewé ń pọ́n, ibi ìgbọ́kọ̀sí máa ń kún, bó bá sì kún, wọ́n á ti géètì títí ẹlòmíì yóò fi jáde. Owó ìwọlé kò wọ́n. Ti ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ti Maryland fi díẹ̀ ju ti onílùú lọ.

Alágbàdo | Ọjọ́rú, 10:09 alẹ́

Mọ́mì ní ọ̀dà ti sú àwọn. Akin ní kí wọ́n wá wo ọ̀dà tó wà lẹ́bàá odò.

Akin_Ẹlẹ́sẹ̀yíyá | Ọjọ́rú, 10:11 alẹ́

Ìwọ wá gbé e lọ sórí àpáta, kó o sì pọ̀n ọ́n sọ̀kalẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Bowie | Ọjọ́rú, 10:40 alẹ́

Kí ló dé tẹ́ ò lọ sí Swallow Falls? Omi ibẹ̀ ló ṣe é wò! Muddy Creek Falls tó wà nínú rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 53, igi tó wà níbẹ̀ ti dàgbà gan-an, odò Youghiogheny sì ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Henry Ford àti Thomas Edison pàgọ́ síbẹ̀ ní 1918 àti 1921. Èmi àtàwọn ọmọ lọ lọ́dún tó kọjá, wọn ò tíì dákẹ́ nípa rẹ̀.

Akin_Ẹlẹ́sẹ̀yíyá | Ọjọ́rú, 10:52 alẹ́

Ó dára lóòótọ́, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n Garrett County lọ́hùn-ún ni. Láti Laurel, wákàtí mẹ́ta ni lílọ nìkan, pẹ̀lú ọmọ tó ń mu ọmú. Ká fi ìyẹn sílẹ̀ dìgbà tí bàbá àwọn ọmọ bá wà nílé.

BàbáRélùwéè | Ọjọ́bọ̀, 6:20 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Elkridge ni mo ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi, mi ò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un.

Kí ẹ tó wọ ọgbà, ẹ kọ́kọ́ gba Levering Avenue, kí ẹ gbójú sókè wo afárá rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Thomas Viaduct. Iṣẹ́ rélùwéè ni mo ṣe ní Èbúté Mẹ́ta títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n látòkè délẹ̀. Ó ní ojú mẹ́jọ, ó sì tẹ̀ kọrọdọ bí ọ̀nà rélùwéè ṣe tẹ̀. Afárá olókùúta tó tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòroó mọ, torí gbogbo òpó rẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ kan fẹ̀ ju èkejì. Àwọn kan fi ẹni tó yàwòrán rẹ̀, Latrobe, ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò ní lè gbé ara rẹ̀ dúró. Ọdún 1835 ni wọ́n parí rẹ̀. Ojú irin Èkó sí Ìbàdàn kò sì ṣí títí di 1901, ẹ ṣírò rẹ̀. Lónìí, ọkọ̀ akẹ́rù tó wúwo ju ohunkóhun tí àwọn tó kọ́ ọ lè rò lọ ṣì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gorí rẹ̀, èmi a máa ṣí fìlà mi.

Ẹ̀yin ẹ sì ń sọ ọ́ bíi pé igbó lásán ni. Igbó ọ̀hún ò pẹ́ lórí ilẹ̀. Odò Patapsco ti bọ́ àwọn oníṣẹ́ rí, ó sì ti gbé wọn mì rí. Avalon tí Akin ń pè yẹn, ìlú tí wọ́n ti ń rọ irin àti ìṣó ni. Ẹ̀kún omi 1868 ló gbá a lọ. Orange Grove ní ilé ọlọ ńlá tí wọ́n ti ń lọ yẹ̀fun. Òdìkejì odò ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń gbé, orí afárá olókùn ni wọ́n ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Iná jó ilé ọlọ náà ní 1905. Afárá tó wà níbẹ̀ báyìí kì í ṣe tìgbà náà, wọ́n ti tún un kọ́, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ ni. Ọdún 1907 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í dá igbó náà sí. Àwọn àtíbàbà olókùúta tí ẹ máa jókòó jẹun lábẹ́ wọn, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ iṣẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọba Roosevelt gbà síṣẹ́ ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú.

Ọmọ_Iléṣà | Ọjọ́bọ̀, 12:47 ọ̀sán

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Ka ilé ọlọ yẹn fún mọ́mì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n ní, "Ṣé igbó náà ní ìtàn báyìí?" Ojú wọn ti ń là.

Akin, ṣé àwọn ọmọ lè wọnú omi díẹ̀? Kí ẹsẹ̀ wọn kàn tutù?

Akin_Ẹlẹ́sẹ̀yíyá | Ọjọ́bọ̀, 1:15 ọ̀sán

Ibi tí omi ò bá ti ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, tí ẹ sì ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ẹ sì di ọmọ lọ́wọ́ mú, ìyẹn ò burú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò tutù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dédìí. Ìlúwẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ní McKeldin omi kan wà tó ń dà lórí àpáta, tó sì dá ibú kan sílẹ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́ lójú. Nísàlẹ̀ ńkọ́? Ó ń fà. Ojú rẹ̀ ló ń tan àwọn èèyàn.

Bí òjò ńlá bá sì rọ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ má lọ rárá. Ẹ rántí Ellicott City tó wà lókè lẹ́bàá odò kan náà. July 30, 2016, àti May 27, 2018: lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún méjì ni àgbàrá sọ ojú títì wọn di odò, tó ń gbé mọ́tò lọ, tó sì gba ẹ̀mí. Ní 1972 ìjì Agnes fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi ohunkóhun sílẹ̀ ní Avalon. Odò náà máa ń dà bí ẹni tó ń sùn.

Nọ́ọ̀sì_Túndùn | Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ omi, ẹ gbàgbé eégbọn. Ìgbà ìwọ́wé náà ni eégbọn àgbọ̀nrín ń yọjú ní Maryland, wọn kì í dúró de ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Eléyìí ò dà bí eégbọn ajá tẹ́ ẹ mọ̀ nílé. Èyí tó dàgbà nínú wọn ò ju ẹyọ yànmọ̀tí kan lọ. Òun ló ń kó àrùn Lyme ranni.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn, kí ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọnú ìbọ̀sẹ̀. Kí aṣọ mọ́ra, kí ẹ lè tètè rí i. Kí àwọn ọmọ má yà sínú koríko, àárín ọ̀nà ni kí wọ́n máa rìn. Bí ẹ bá délé, ẹ tú gbogbo wọn wò: kọ̀rọ̀ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ẹ̀yìn etí, inú irun, abẹ́ bẹ́líìtì. Ti mọ́mì náà o, ẹ má tijú.

Bí ẹ bá rí èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó mú un níbi tó ti kan awọ ara gan-an, kí ẹ fà á sókè tààrà, láì lọ́ ọ. Ẹ MÁ da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má fi òrí pa á, ẹ má fi iná sun ún. Mo mọ̀ wá. Bí ẹ bá tètè yọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ewu rẹ̀ kéré púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà bá mú yín tàbí àmì pupa rogodo bá yọ lára yín láàárín oṣù kan, ẹ lọ rí dókítà, kí ẹ sì sọ fún un pé ẹ wọ igbó.

Ewé kan tún wà tí wọ́n ń pè ní poison ivy. Mẹ́ta mẹ́ta ni ewé rẹ̀ ń so pọ̀, ó sì máa ń gun igi. Ẹ̀yin tí èsìsì ti jó rí ní kékeré, èyí burú jùyẹn lọ, torí kì í jóni lójú ẹsẹ̀. Ọ̀la, ọ̀túnla, ni ara á tó bẹ̀rẹ̀ sí í lé. Lásìkò yìí gan-an ló máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, tó sì máa ń wu ọmọdé já. Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò.

Alágbàdo | Ọjọ́bọ̀, 8:06 alẹ́

Eégbọn, èsìsì, àgbàrá, ibú. Ẹ̀gbọ́n, Sátidé yìí kan náà, ìrẹsì àti ẹran díndín wà nílé mi ní Lanham. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Omi_Tútù | Ọjọ́bọ̀, 9:33 alẹ́

Ẹ má bínú pé mo yọjú. Ọlọ́ṣun ni mí, mo sì máa ń lọ sí etí odò yẹn. Ẹ máa rí i pé kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn ará Kúbà àti àwọn ará Brazil tó ń sin Ọ̀ṣun náà ń lọ sí àwọn odò agbègbè yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé bí mọ́mì bá fẹ́ kí odò, kí wọ́n kí i. Ẹnu ni a fi ń kí i. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi abọ́, àbẹ́là, ike tàbí ìgò oyin sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọgbà ìjọba Maryland kì í gbé garawa ìdọ̀tí síta, ohun tó o bá gbé wá ni wàá gbé padà lọ. Ó máa ń dùn mí bí mo bá bá ọsàn jíjẹrà àti ọ̀rá lẹ́bàá omi, torí mo mọ̀ pé àwa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fura sí.

Ọmọ_Olúwa_2 | Ọjọ́bọ̀, 9:50 alẹ́

Ìgbafẹ́ la ń sọ, ọ̀rọ̀ òrìṣà ti wọ̀ ọ́. Mọ́mì tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni o.

Alábòójútó | Ọjọ́bọ̀, 10:01 alẹ́

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ni Omi_Tútù sọ, ó sì wúlò fún gbogbo wa. Ẹ jẹ́ ká padà sórí odò.

Ọmọ_Iléṣà | Ọjọ́ Ẹtì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Òjò ti ń rọ̀ látàárọ̀ o. Mo ti sún un sí Sátidé tó ń bọ̀. Mọ́mì ti wọ bàtà kánfáàsì wọn kiri ilé láti àná, wọ́n ní àwọn ń jẹ́ kó mọ ẹsẹ̀ àwọn. Ẹ ò rí i pé inú ń bí wọn sí òjò.

BàbáRélùwéè | Sátidé, 7:05 àárọ̀

O ṣe dáadáa. Bí òjò ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn dáàmù dá yín lára yá, torí ẹ máa kọjá ojú ibẹ̀ bí ẹ bá rìn síwájú díẹ̀ lẹ́yìn afárá.

Ìdí mànàmáná ni wọ́n fi kọ́ Bloede Dam. Ọdún 1907 ni iṣẹ́ parí. Ohun ìyanu ni nígbà náà, torí inú dáàmù gan-an, lábẹ́ omi, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ mànàmáná sí. O lè wọnú rẹ̀ kí odò máa ṣàn lókè orí rẹ. Ṣùgbọ́n yanrìn àti ẹrẹ̀ ń kún ẹ̀yìn rẹ̀. Kò lo ìgbà pípẹ́ kó tó dáṣẹ́ sílẹ̀, ó kàn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó fẹ̀yìn tì tí kò rílé lọ. Àwọn èèyàn ń lọ ṣeré nísàlẹ̀ rẹ̀, omi ń gbé wọn. Ẹja tó ń ti òkun bọ̀ láti yé ẹyin lókè odò, bó bá débẹ̀, ògiri ni. Wọ́n ṣe àtẹ̀gùn ẹja sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ gbà á.

Ní September 2018 wọ́n fi àdó olóró fọ́ ọ. Odò já gba àárín rẹ̀ kọjá. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, tí ẹnikẹ́ni ò bá sọ fún yín, ẹ ò ní mọ̀ pé ohun kan wà níbẹ̀ rí.

Alágbàdo | Sátidé, 8:44 àárọ̀

Bàbá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó yé mi. Wọ́n wó odindi dáàmù nítorí ẹja? Lọ́dọ̀ tiwa, ẹ lọ wo Aṣẹ́jirẹ́. Dáàmù ló ń fún Ìbàdàn lómi, ẹja ibẹ̀ náà là ń dúró jẹ bí a bá ń rìnrìn àjò. Dáàmù àti ẹja jọ ń gbé.

Akin_Ẹlẹ́sẹ̀yíyá | Sátidé, 9:10 àárọ̀

Ẹja inú adágún yàtọ̀, Alágbàdo. Èyí tí Bàbá ń sọ ń rìnrìn àjò. Herring àti shad inú òkun ló ń dàgbà, inú odò ló ń wá yé ẹyin. Eel tó gùn bí ejò sì yí i po: òkun ló ń bí i sí, láàárín omi Atlantic lọ́hùn-ún, ọmọ rẹ̀ á wá máa wá odò tó máa gbé títí yóò fi dàgbà. Bí ẹ bá dí ọ̀nà fún irú wọn, wọn ò ní ibòmíì. Àti pé dáàmù yẹn ò fún ẹnikẹ́ni lómi mu, kò fún ẹnikẹ́ni ní iná. Ẹ̀rù lásán ló kù tó ń ṣe. Ti Aṣẹ́jirẹ́, bí wọ́n bá wó o, Ìbàdàn á gbẹ lọ́jọ́ kejì.

Alágbàdo | Sátidé, 9:22 àárọ̀

Ó yé mi. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí wọ́n pè mí kí n tó pàdánù ọjọ́ tí ẹja kọ́kọ́ kọjá.

Ọmọ_Iléṣà | Sátidé tó tẹ̀ lé e, 8:37 alẹ́

A ti lọ, a sì ti bọ̀! Àwọn ọmọ ti sùn, mo ń fi ẹsẹ̀ mi bọ omi gbígbóná níbi tí mo ti ń kọ èyí.

A débẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ààyè ọkọ̀ ṣì wà. Bàbá, a kọ́kọ́ lọ wo afárá yín. Ọmọ mi ọkùnrin ka ojú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọkọ̀ ò kọjá nígbà tá a wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí Grist Mill Trail, ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù kan ṣàdédé yọ lẹ́yìn igi, ilẹ̀ ń mì tìtì, mọ́mì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka wágọ́nù rẹ̀ lóhùn òkè. Wọ́n kà á dé mọ́kànléláàádọ́rin kó tó sú wọn.

Ìró àti bùbá ni wọ́n wọ̀, ṣòkòtò gígùn lábẹ́ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ funfun lórí ṣòkòtò. Nọ́ọ̀sì Túndùn, ẹ̀yin lẹ fà á. Gbogbo ẹni tó bá wa pàdé ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wọn, àwọn náà ń dáhùn pé "Ẹ kú ìrìn o." Nígbà tó yá, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá padà bọ̀, ó ní "Ẹ kú ìrìn" fún wọn. Bó ṣe gbà á sétí yé mi, àmọ́ bó ṣe sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀ ni kò yé mi.

Ewé náà pọ́n lóòótọ́. Mi ò ní purọ́, mo rò pé àwọn èèyàn ń ṣe àsọdùn ni. Àwọn igi kan wà létí omi tí èèpo wọn ti bó, tí ara wọn funfun bí ẹni tó lẹ́fun. Mọ́mì dúró ti ọ̀kan, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ara igi yìí ò yá.

Afárá tó ń mì: ọmọ mi kékeré fo sókè láàárín rẹ̀ gan-an. Mo pọn ọmọ, mo fọwọ́ méjèèjì di okùn mú, mo sì ń pariwo orúkọ rẹ̀. Mọ́mì ńkọ́? Wọ́n dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo omi nísàlẹ̀, afárá ń jó lábẹ́ wọn. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó fò. Irú èyí la ń gbà lọ sóko bàbá mi." Ọdún mélòó ni mo ti jẹ́ ọmọ wọn, mi ò gbọ́ ọ rí pé afárá olókùn wà lọ́nà oko bàbá wọn.

Níbi àtẹ̀gùn Cascade, orúnkún kọ̀ nígbà tá a rìn dé ìdajì. Wọ́n jókòó lórí òkúta, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi, èmi àtàwọn ọmọ gòkè. Omi náà dára, ó mọ́, ó ń dún, ṣùgbọ́n kò tóbi. Mo ya fídíò wá fún wọn. Wọ́n wò ó tán, wọ́n ní, "Ibi ìpele wo lèyí?" Mo ní bó ṣe mọ nìyẹn. Wọ́n ní Olúmirìn tó wà ní Erin-Ìjẹ̀ṣà ní ìpele méje, pé èyí á jẹ́ ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n dá fóònù padà fún mi.

Ojú ibi tí dáàmù wà ni wọ́n pẹ́ sí jù. A jẹ mọ́ínmọ́ín níbẹ̀. Mo ka gbogbo ohun tí Bàbá kọ fún wọn, mo ka ti Akin náà. Wọ́n ń wo odò tó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láàárín òkúta, wọn ò sọ nǹkan kan fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo rò pé wọ́n ti ń sùn. Ẹyẹ kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ọ̀pá dúró sínú omi lódìkejì, òun náà ò mira. Lójijì ẹyẹ náà ki ẹnu bọmi, ó sì yọ ẹja. Mọ́mì pàtẹ́wọ́!

A kó gbogbo ọ̀rá wa padà, Omi_Tútù. Nígbà tá a délé, eégbọn kan wà lórí ìbọ̀sẹ̀ ọmọ mi obìnrin, kò tíì kan ara. Ẹyọ yànmọ̀tí lóòótọ́. Mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, mo sì fi hàn án kó lè máa gbọ́ràn.

Ìbéèrè tó kù wá látọ̀dọ̀ mọ́mì. Wọ́n ní kí n bi yín pé oṣù wo ni ẹja tó ń ti òkun bọ̀ yẹn ń gòkè odò, àti pé ta ló ń fún èèyàn láṣẹ láti pa á.

Akin_Ẹlẹ́sẹ̀yíyá | Sátidé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú ìrìn! Inú mi dùn gan-an. Ẹ sọ fún mọ́mì pé láti March sí May ni. Ṣùgbọ́n herring àti shad, òfin Maryland kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú wọn lọ sílé, torí wọ́n ti dín kù púpọ̀. Wíwò nìkan ni. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹja tí èèyàn ń jẹ, ìjọba máa ń da trout sínú odò náà ní Avalon nígbà ìrúwé. Ẹni tó bá ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó ju ìwọ̀ sómi.

Alágbàdo | Sátidé, 9:12 alẹ́

Ọjọ́ wo ni mọ́mì ń padà sílé?

Ọmọ_Iléṣà | Sátidé, 9:20 alẹ́

December 11 ló wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì wọn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìdáhùn Akin fún wọn tán ni. Wọ́n ní ṣé wọ́n lè yí ọjọ́ náà sí April, pé orúnkún ọmọ jòjòló ò tíì le.

BàbáRélùwéè | Ọjọ́ Àìkú, 6:11 àárọ̀

Orúnkún ọmọ kẹ̀? Ẹ kí wọn fún mi. Bí ó bá di April, ẹ pè mí kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Mo mọ aago tí ọkọ̀ akẹ́rù àárọ̀ máa ń gorí afárá.